A Kì í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí

Ní oṣù Keje ọdún 2023, nígbà tí àwọn ṣọ́jà gba ìjọba ní ilẹ̀ Niger, tí àjọ ECOWAS ti ẹnubodè, tí Nàìjíríà sì já iná mànàmáná tó ń lọ sọ́dọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gba ẹnu àwọn ènìyàn ní ìgboro. Ṣé ó yẹ kí olórí ìjọba wa bá irú àwọn wọ̀nyí jókòó sọ̀rọ̀? Àwọn kan ní kí wọ́n kó ṣọ́jà lọ bá wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn mìíràn ní aládùúgbò ẹni kì í ṣe ẹni tí à ń kó ogun tì. Nígbà tí ECOWAS fi máa ṣí ẹnubodè ní oṣù Kejì 2024, Niger, Mali àti Burkina Faso ti kéde pé àwọn kò bá wọn ṣe ẹgbẹ́ mọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì gbóná, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la sì ń lá ọbẹ̀ gbígbóná. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ mìíràn tó ti tutù, èyí tí a ti rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí a sì rí òpin rẹ̀, tí ọwọ́ Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà àti ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí àwọn òyìnbó ń ṣe ní Gúúsù Áfíríkà ni. Fún ogún ọdún, láti 1970 títí di 1990, ìbéèrè kan náà ló ń da àwọn àgbààgbà láàmú: ọ̀tá yìí, ṣé ká bá a sọ̀rọ̀ ni, àbí ká má bá a sọ ọ́? Àwọn kan bá a sọ̀rọ̀, ó já sí asán. Àwọn kan bá a sọ̀rọ̀, wọ́n gba ọgbẹ́ bọ̀. Àwọn kan bá a sọ̀rọ̀, ó sì so èso. Kí ló fa ìyàtọ̀? Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyẹn.

IRÚ Ọ̀TÁ TÍ À Ń WÍ

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán wa létí irú ìjọba tó jẹ́, nítorí àwọn ọmọ wa tó ń dàgbà báyìí kò mọ̀ ọ́n. Ní 1948 ni ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn Bóà, National Party, wọlé ìbò ní Gúúsù Áfíríkà, ìbò tó jẹ́ pé àwọn òyìnbó ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dì í. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣe òfin lé òfin: aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ bá òyìnbó gbé àdúgbò kan náà, ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá tòyìnbó lọ sí ilé ìwé kan náà, wọn kò sì gbọdọ̀ fẹ́ ara wọn. Aláwọ̀ dúdú tó bá fẹ́ rìn nínú ìlú tí wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọ́ gbọ́dọ̀ mú ìwé àṣẹ kan dání. Bí ọlọ́pàá bá dá a dúró tí kò rí i mú jáde, àtìmọ́lé yá.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta 1960, àwọn ènìyàn kóra jọ síwájú àgọ́ ọlọ́pàá ní Sharpeville láti sọ pé ìwé náà ti sú àwọn. Ọlọ́pàá yìnbọn sí wọn. Ẹni 69 ló kú, ẹ̀yìn sì ni ìbọn ti ba ọ̀pọ̀ nínú wọn, nígbà tí wọ́n ń sá lọ. Ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ ANC àti PAC. Ní oṣù Kẹfà 1964, wọ́n rán Nelson Mandela, Walter Sisulu, Govan Mbeki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére.

Ìjọba tó ṣe èyí fún ọmọ inú ilé rẹ̀, kí lẹ fẹ́ bá a sọ? Ìbéèrè àwọn tó kórìíra ìjíròrò nìyẹn, kò sì burú. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé àwọn olórí Áfíríkà fúnra wọn kò sọ rí pé àwọn kò ní sọ̀rọ̀ láéláé. Ní oṣù Kẹrin 1969, àwọn ìjọba ìlà-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà pàdé ní Lusaka, wọ́n kọ ìwé kan tí àjọ O.A.U. gbà wọlé lọ́dún náà. Ohun tí ìwé náà wí ni pé àwọn ìbá yan ọ̀rọ̀ ju ogun lọ, bí àwọn òyìnbó yẹn bá lè gbà pé ènìyàn ni aláwọ̀ dúdú. Bí wọ́n bá kọ̀, àwọn yóò máa ran àwọn ajìjàgbara lọ́wọ́.

Àwa Yorùbá náà ní ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́. Gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìjà wà ni pé: ta ni yóò sọ ọ́, níwájú ta ni, kí ló sì mú dání lọ?

ÌMỌ̀RÀN HOUPHOUËT-BOIGNY

Ẹni tó kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà sókè ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni Félix Houphouët-Boigny, ààrẹ Ivory Coast. Ní oṣù Kọkànlá 1970 ó sọ fún àwọn oníròyìn pé ó tó àkókò kí Áfíríkà bá Gúúsù Áfíríkà jókòó. Ní oṣù Kẹrin 1971 ó tún pè wọ́n jọ, ó ṣàlàyé rẹ̀ kúnnákúnná. Àròyé rẹ̀ kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ó ní agbára ogun tí Áfíríkà ní kò tó èyí tí a lè fi dẹ́rù ba Pretoria. Ó sì ń bẹ̀rù pé bí ogun bá dé, àwọn Kọ́múníìsì ni yóò gba ẹ̀yìn ogun wọlé.

Kì í ṣe òun nìkan. Hastings Banda, ààrẹ Malawi, ti bá Pretoria da ọ̀rọ̀ pọ̀ láti 1967. Owó tí Pretoria yá a wà lára èyí tó fi kọ́ olú ìlú tuntun rẹ̀, Lilongwe. Ní 1971 ó tiẹ̀ wọ bàálù lọ kí wọn nílé.

Ní Èkó, etí kò gba ọ̀rọ̀ yìí. Ogun abẹ́lé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní oṣù Kíní 1970 ni, Houphouët-Boigny yìí sì wà lára àwọn tó kéde ní 1968 pé orílẹ̀-èdè ni Biafra. Ìmọ̀ràn tó bá ti ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìjọba Gowon ń wò ó. Nígbà tí O.A.U. pàdé ní Addis Ababa ní oṣù Kẹfà 1971, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn orílẹ̀-èdè, Nàìjíríà pẹ̀lú wọn, ní àwọn kò fẹ́. Ìdí tí wọ́n fi sílẹ̀ sì nìyí: bí Pretoria bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó kọ́kọ́ bá àwọn aláwọ̀ dúdú ilé rẹ̀ sọ ọ́.

Ṣé ẹ rí i, ohun tí àwọn baba wa ti sọ ni, pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Mandela wà lẹ́wọ̀n ní erékùṣù Robben. Oliver Tambo, tó ń darí ANC, wà ní ìgbèkùn. Orí ta ni Houphouët-Boigny fẹ́ lọ bá wọn fá?

Èmi gbà pé Addis Ababa tọ̀nà lọ́jọ́ náà, ohun tó sì tẹ̀lé e jẹ́rìí sí i. John Vorster, olórí ìjọba Gúúsù Áfíríkà, rìn ní bòókẹ́lẹ́ lọ sí Ivory Coast ní oṣù Kẹsàn-án 1974, ó sì lọ sí Liberia ní oṣù Kejì 1975. Wọ́n gbà á lálejò, ó sì padà sílé. Òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò yí padà. Mandela kò kúrò lẹ́wọ̀n. Ohun tí Vorster rí gbà ni pé ó lè sọ fún ayé pé àwọn aláwọ̀ dúdú kan ń gba òun lálejò.

LÓRÍ AFÁRÁ ODÒ ZAMBEZI

Ọ̀rọ̀ Kenneth Kaunda, ààrẹ Zambia, yàtọ̀. Kò sí ẹni tó lè pe Kaunda ní ọ̀rẹ́ àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ìlú rẹ̀, Lusaka, ni ANC fi ṣe ibùjókòó. Àwọn ajìjàgbara Rhodesia náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Zambia kò ní etíkun. Bàbà ni wọ́n ń wà tà láti fi jẹun, ọ̀nà tí bàbà náà ń gbà dé òkun sì gba Rhodesia kọjá, níbi tí Ian Smith àti àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi tipátipá gba òmìnira fún ara wọn ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá 1965. Ní 1973 ẹnubodè àárín wọn tì pa. Rélùwéè tí àwọn Ṣáínà ń bá Zambia là gba Tanzania kò tíì ṣe tán. Ẹni ọ̀rọ̀ kàn ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tó jókòó sí Èkó, tí òkun wà níwájú ilé rẹ̀, kò lè fi gbogbo ẹnu bú Kaunda.

Vorster náà ní ìbẹ̀rù tirẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 1974 àwọn ṣọ́jà gba ìjọba ní ilẹ̀ Potogí, ó sì hàn pé Mozambique àti Angola yóò bọ́ lọ́wọ́ òyìnbó. Ó fẹ́ kí Smith tètè parí ìjà tirẹ̀ kí iná má baà ràn dé ọ̀dọ̀ òun. Òun àti Kaunda bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìránṣẹ́ síra wọn. Kí ọdún 1974 tó parí, Smith tú Joshua Nkomo, Ndabaningi Sithole àti Robert Mugabe sílẹ̀, lẹ́yìn bí ọdún mẹ́wàá nínú àhámọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ọ̀rọ̀ ẹnu ló tú wọn sílẹ̀.

Ó wá ku kí Smith àti àwọn aláwọ̀ dúdú rí ara wọn lójúkojú. Níbo? Smith kò fẹ́ jáde kúrò ní Rhodesia. Àwọn tó wà ní ìgbèkùn kò sì lè wọ ibẹ̀ kí wọ́n má baà mú wọn. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ 1975, wọ́n fa ọkọ̀ ojú irin Gúúsù Áfíríkà wá sí àárín afárá odò Zambezi, níbi tí omi ńlá Victoria ti ń já wálẹ̀ láti orí àpáta. Wọ́n dá a dúró lórí ààlà gan-an. Inú yàrá ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wọn jókòó sí, àmọ́ Smith àti àwọn tirẹ̀ wà lápá Rhodesia, Nkomo, Sithole àti Bíṣọ́ọ̀bù Abel Muzorewa wà lápá Zambia. Kaunda àti Vorster, àwọn alárinà, wà níbẹ̀.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìpàdé ti fọ́. Àwọn aláwọ̀ dúdú ní kí àwọn tó wà ní ìgbèkùn lè wọlé wá bá wọn jíròrò láìsí ẹni tí yóò mú wọn. Smith ní irọ́ ni. Họ́wù! Kí ló dé tí kò fi ní kọ̀? Kò sí ohun tó pàdánù bó bá kọ̀. Ṣọ́jà rẹ̀ ṣì lágbára. Àwọn tó jókòó síwájú rẹ̀ ń bá ara wọn ja, ẹnu wọn kò ṣọ̀kan. Ó dìde, ó lọ sílé rẹ̀, ó sùn.

Kò ju oṣù méjì lọ, ní oṣù Kẹwàá 1975, tí ṣọ́jà Vorster fi ya wọ Angola. Ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ kan bọ Kaunda lọ́wọ́ lórí afárá ń fi èkejì ki ìbọn. Ìgbà yìí ni Nàìjíríà, lábẹ́ Ọ̀gágun Murtala Muhammed, gbé ẹsẹ̀ tó le. Ní oṣù Kọkànlá ó kéde pé ẹgbẹ́ MPLA ni ìjọba Angola. Nígbà tí Ààrẹ Ford ti Amẹ́ríkà kọ ìwé sí àwọn olórí Áfíríkà láti yí wọn lọ́kàn padà, Èkó ju ìwé náà nù níwájú gbogbo ayé. Ní oṣù Kíní 1976, Murtala dìde ní Addis Ababa, ó ní Áfíríkà ti dàgbà tó ẹni tí òkèèrè kò gbọdọ̀ máa pàṣẹ fún mọ́. Àwọn ṣọ́jà Kúbà ń bá MPLA jà, nígbà tó sì di òpin oṣù Kẹta ọdún náà, ṣọ́jà Gúúsù Áfíríkà ti kẹ́rù wọn jáde.

TÁBÌLÌ LỌ́ŃDỌ̀NÙ

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ Rhodesia ṣe parí. Mugabe, tó jáde lẹ́wọ̀n nítorí ọ̀rọ̀ Kaunda àti Vorster, kọjá sí Mozambique ní 1975. Ogun àwọn ajìjàgbara le sí i lọ́dọọdún. Nígbà tó di 1979, apá Smith kò ká a mọ́. Ó fi Muzorewa jẹ olórí ìjọba, ó rò pé ojú ayé á fọ́ sí i. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, Margaret Thatcher wọlé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ sì rò pé yóò gba ìjọba Muzorewa wọlé.

Ní òpin oṣù Keje 1979, bí àwọn olórí Kọmọ́nwẹ́ẹ̀tì ti fẹ́ pàdé ní Lusaka, ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gba gbogbo ohun tí iléeṣẹ́ epo BP ní ní Nàìjíríà. Ó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́ kí BP máa ta epo fún Gúúsù Áfíríkà. Orúkọ tuntun tí iléeṣẹ́ náà ń jẹ́ lẹ́yìn náà ni African Petroleum. N kò ní sọ pé BP nìkan ló yí Thatcher lọ́kàn padà. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ èdè tó yé e. Ní Lusaka ó gbà pé kí gbogbo wọn wá jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Lancaster House, ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Mugabe, Nkomo, Muzorewa àti Smith, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Nígbà tí Mugabe fẹ́ dìde kúrò nídìí tábìlì, Samora Machel ti Mozambique ló rán sí i pé kó gbà, pé ogun náà ti tó. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin 1980, Rhodesia di Zimbabwe.

Smith kan náà ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ohun tó yí padà ni pé ní 1975 Smith lè padà sílé lọ sùn, ní 1979 oorun ti dá lójú rẹ̀. Àwọn tó ni orí sì wà níjókòó nígbà tí wọ́n ń fá a.

ÌWÉ ÀDÉHÙN ETÍ ODÒ NKOMATI

Machel tó gba Mugabe nímọ̀ràn yìí ni ọ̀rọ̀ wá kàn. Mozambique gba òmìnira ní oṣù Kẹfà 1975. Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ RENAMO fi bẹ̀rẹ̀ sí í sun abúlé, wọ́n ń fọ́ rélùwéè, wọ́n ń sun ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Ìjọba Smith ló kọ́kọ́ gbé wọn dìde. Lẹ́yìn 1980, Gúúsù Áfíríkà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dá tún dá, ebi sì pa ènìyàn kú lọ rẹpẹtẹ. Ilẹ̀ tẹ́rẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ Machel.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta 1984, òun àti P. W. Botha tó gba ipò lọ́wọ́ Vorster pàdé létí odò Nkomati, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Machel kò ní jẹ́ kí ANC gba ilẹ̀ rẹ̀ lọ ja Gúúsù Áfíríkà mọ́. Botha kò ní ran RENAMO lọ́wọ́ mọ́. Machel mú tirẹ̀ ṣẹ. Wọ́n lé àwọn ọmọ ANC kúrò ní Maputo, àfi ìwọ̀nba díẹ̀. Àwọn tó ti sá wá sápá rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

Botha ńkọ́? Ní oṣù Kẹjọ 1985, ṣọ́jà Mozambique àti ti Zimbabwe gba ibùdó RENAMO ní Gorongosa. Wọ́n bá ìwé àkọsílẹ̀ níbẹ̀, ó sì hàn kedere pé ṣọ́jà Gúúsù Áfíríkà kò fi ọjọ́ kan jáwọ́ nínú ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ń ṣe. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá 1986, bàálù Machel já ní Mbuzini, nínú ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, ó sì kú pẹ̀lú ọ̀pọ̀ àwọn tó bá a rìn.

N kò lè bú Machel. Ẹni tí omi bá ń gbé lọ, kò sí ohun tí kò lè dì mú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ó fi ohun tó jẹ́ ti ẹlòmíràn san gbèsè tirẹ̀, ANC kò sì sí níbẹ̀. Kò tún sí ẹnì kankan tí yóò mú Botha bó bá da àdéhùn. Ìwé nìkan ló mú bọ̀ láti etí odò.

ÀWỌN ÀGBÀ MÉJE

Ní oṣù Kẹwàá 1985, àwọn olórí Kọmọ́nwẹ́ẹ̀tì pàdé ní Nassau ní ilẹ̀ Bahamas. Ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ dẹ́kun òwò ṣíṣe pẹ̀lú Pretoria. Thatcher ní òun kò ní í ṣe é. Wọ́n wá gba ọ̀nà àárín, pé kí àwọn àgbà méje kan lọ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ lè wà. Alága wọn jẹ́ méjì: Ọbásanjọ́, ọmọ Abẹ́òkúta, àti Malcolm Fraser tó ti jẹ́ olórí ìjọba Australia. Àwọn tó kù ni Lord Barber láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Nita Barrow láti Barbados, John Malecela láti Tanzania, Swaran Singh láti India, àti Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Edward Scott láti Kánádà.

Ẹ ò rí i bí ayé ṣe ń yí? Ẹni tó gba BP ní 1979 ló ń lọ jókòó ní Pretoria ní 1986. Ṣé ó ti yí ohùn padà ni? Rárá o. Nítorí pé ó ti gba BP rí ni wọ́n ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó wá tọrọ. Nàìjíríà ti ń ná owó sórí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní 1976 ni ìjọba dá owó ìrànlọ́wọ́ fún gúúsù Áfíríkà sílẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń dá sí. Baba mi, tó jẹ́ tíṣà nígbà náà, máa ń sọ fún wa pé òun náà dá níbẹ̀, pé bí Mandela bá jáde, òun ní ìpín nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

Ohun tí àwọn méje yìí kọ́kọ́ ṣe ló dùn mọ́ mi jù. Wọ́n wá olórí lọ kí wọ́n tó mú abẹ. Ní oṣù Kejì 1986, Ọbásanjọ́ wọ ẹ̀wọ̀n Pollsmoor, ó rí Mandela sójú. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn tún lọ bá a. Wọ́n rí Tambo ní Lusaka. Wọ́n rí àwọn mínísítà Botha. Wọ́n kọ ohun tí oníkálukú yóò ṣe sílẹ̀: kí ìjọba kó ṣọ́jà kúrò ní àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú, kó tú Mandela àti àwọn yòókù sílẹ̀, kó mú òfin kúrò lórí ANC àti PAC, kí ANC náà dáwọ́ ìjà dúró, kí ìjíròrò wá bẹ̀rẹ̀. Mandela ní lójú tòun, ibi tí a lè ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Aáyán fẹ́ jó, adìyẹ ni kò jẹ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 1986, ọjọ́ gan-an tí wọ́n ní ìpàdé pẹ̀lú àwọn mínísítà, ṣọ́jà Gúúsù Áfíríkà kọlu Gaborone, Harare àti Lusaka, olú ìlú mẹ́ta lọ́jọ́ kan, tí gbogbo wọn jẹ́ ti Kọmọ́nwẹ́ẹ̀tì. Àwọn méje kẹ́rù wọn, wọ́n lọ.

Ṣé ìyẹn ni pé wọ́n kùnà? Ẹ dúró ná. Ní oṣù Kẹfà wọ́n gbé ìwé wọn jáde, wọ́n sọ ohun tí ojú wọn rí, pé ìjọba Botha kò ṣe tán láti bá ẹnikẹ́ni sọ òótọ́. Ní oṣù Keje, Nàìjíríà àti Gáná ló ṣáájú àwọn orílẹ̀-èdè tó lé ní ọgbọ̀n tí wọn kò lọ sí ìdíje eré ìdárayá Kọmọ́nwẹ́ẹ̀tì ní Edinburgh. Ní oṣù Kẹwàá, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin tó dín òwò pẹ̀lú Pretoria kù, wọ́n tẹ àtakò Ààrẹ Reagan mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Botha dà di ẹ̀rí tí wọ́n fi dá a lẹ́bi.

ẸLẸ́WỌ̀N PE ÌJỌBA

Ẹni tó wá parí ọ̀rọ̀ náà ni olórí fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kíní 1985, Botha ní òun á tú Mandela sílẹ̀ bó bá lè kọ ìjà ogun sílẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Zindzi, ka èsì rẹ̀ ní pápá kan ní Soweto: ẹni tó wà lómìnira nìkan ló lè ṣe àdéhùn, ẹlẹ́wọ̀n kò lè bá ọ̀gá ẹ̀wọ̀n dúnàádúrà.

Síbẹ̀, ọkùnrin kan náà yìí, ní ìparí ọdún yẹn, ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá Kobie Coetsee, mínísítà ìdájọ́, sọ̀rọ̀. Kò kọ́kọ́ sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n, nítorí ó mọ̀ pé wọ́n á ní kó má lọ. Nígbà tí Tambo rán sí i pé kí ni mo ń gbọ́ yìí, èsì rẹ̀ kúrú: ìpàdé láàárín ANC àti ìjọba ni òun ń wá, kò sí nǹkan mìíràn. Kò bá wọn ta nǹkan kan. Ìwé tó kọ sí Botha ní 1989 sọ pé ANC kò ní kọ́kọ́ sọ ohun ìjà sílẹ̀, kò sì ní lé àwọn Kọ́múníìsì ọ̀rẹ́ rẹ̀, àti pé dandan ni kí èyí tó pọ̀ jù nínú ará ìlú ṣèjọba. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje 1989 ó wọ ilé Botha, Botha fọwọ́ ara rẹ̀ bu tíì fún un.

Kí ló mú Botha bu tíì? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn. Láti 1985 ni àwọn báǹkì òkèèrè ti ní kó san gbèsè wọn, owó wọn sì já wálẹ̀. Àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ń jóná. Ní 1988 apá ṣọ́jà rẹ̀ kò ká Angola mọ́. F. W. de Klerk tó gba ipò rẹ̀ rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì 1990, Mandela jáde lẹ́wọ̀n. Ìgbà tí èyí ṣẹlẹ̀ tán ni ANC tó dá ìjà dúró, ní oṣù Kẹjọ ọdún náà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin 1994, àwọn arúgbó tó to lọ́wọ̀ọ̀wọ́ dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn.

OHUN TÓ YẸ KÍ WỌ́N BI ARA WỌN

Ẹnìkan lè já mi níyàn, kó ní: Namibia ńkọ́? Ní oṣù Kejìlá 1988, Angola, Kúbà àti Gúúsù Áfíríkà fọwọ́ sí àdéhùn ní New York. SWAPO tó ń jà fún Namibia kò sí nídìí tábìlì, òmìnira sì dé ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta 1990. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àdéhùn náà kò yan olórí fún àwọn ará Namibia. Ìpinnu àjọ àgbáyé tó ti wà nílẹ̀ láti 1978 ló gbé e lé, èyí tó ní kí wọ́n dìbò fúnra wọn. Wọ́n dìbò, SWAPO wọlé. Wọ́n sún àga síwájú, wọn kò fá orí.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ṣé kí olórí ìjọba bá ìjọba tó kórìíra wa sọ̀rọ̀, èsì mi ni pé kó lọ. Ẹni tó ní kí a má ṣe sọ̀rọ̀ rárá gbọ́dọ̀ sọ fún wa bí Nkomo àti Mugabe ìbá ṣe jáde lẹ́wọ̀n ní 1974. Ṣùgbọ́n kí bàálù rẹ̀ tó gbéra, kó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Kí ni ọ̀tá yìí yóò pàdánù bó bá kọ ọ̀rọ̀ mi? Ìyẹn ni Smith fi dìde lórí afárá tí kò sì lè dìde ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà yóò já lé lórí, ṣé wọ́n wà níbẹ̀, àbí wọ́n ti rán mi? Ìyẹn ni àwọn méje ṣe tí Houphouët-Boigny kò ṣe. Bó bá da àdéhùn lọ́la, ta ni yóò jẹ́rìí sí i, kí la ó sì ṣe fún un? Ìyẹn ni Machel kò rí ìdáhùn sí létí odò.

Bó bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó máa lọ, kó sì bọ ọ̀tá lọ́wọ́ níwájú àwọn ayàwòrán. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí kò bá rí i, kó jókòó sílé, kó kọ́kọ́ wá ohun tí yóò mú dání, nítorí ẹni tó bá lọ síbẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo, orí ẹlòmíràn ni yóò fi san owó ọ̀nà.